"Èwe Ìwòyí": Ìdájọ́ Àkópọ̀ àti Òtítọ́ Ìgbé Ayé Àwọn Ọ̀dọ́ ní Ìdànrè

Àṣamọ̀

Gbólóhùn "èwe ìwòyí" kì í jìnnà sí ẹnu àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá ń dárò ayé. Iṣẹ́ yìí yẹ gbólóhùn náà wò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, nínú òwe àti nínú ìtàn àròsọ Yorùbá, ó sì fi í wé bí ìgbé ayé àwọn ọ̀dọ́ ti rí ní ìlú Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Tíọ́rì ìfojú-ìbára-ẹni-gbé-pọ̀-wo-lítíréṣọ̀ ni a mú lò. Èrò wa ni pé ìdájọ́ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú kòtò nìkan ni ó máa ń dárúkọ. Kì í dárúkọ ẹni tí ó gbẹ́ kòtò. Níkẹyìn, a tọ́ka sí ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùkọ́ àti fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́.

1.0 Ìfáàrà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ ṣe àbẹ̀wò sí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìdànrè. Oṣù kọkànlá ni, kòkó sì wà lórí igi. Ẹ̀kọ́ lórí òwe ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá. Ọmọkùnrin kan gbé orí lé tábìlì, ó ń sùn. Olùkọ́ náà ní kí ó dìde dúró, ó sì yíjú sí àwọn yòókù, ó ní, "Ẹ wo èwe ìwòyí! Bí ó bá jẹ́ pé fàájì ni, oorun kò ní kùn ún." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn, mo sì fún olùkọ́ náà ní máàkì tí ó dára lábẹ́ ìkápá kíláàsì.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, mo rí i pé èékánná ọmọ náà dúdú fún oje èèpo kòkó. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Agbàṣe ni èmi àti ìyá mi ń ṣe láti ọjọ́ mẹ́ta. Owó ìdánwò mi ni a ń wá." Ilẹ̀ a ti ṣú kí wọ́n tó kúrò lóko, òwúrọ̀ kùtù ni ó sì ń jí kí ó lè dé ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀lẹ lójú gbogbo kíláàsì ni ó ṣiṣẹ́ jù lọ nínú gbogbo wa tí a wà ní yàrá náà ní ọjọ́ náà. Máàkì tí mo fún olùkọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Òun ni ó bí iṣẹ́ yìí.

Kì í ṣe pé a fẹ́ gbèjà gbogbo ọ̀dọ́ nínú ohun gbogbo. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni iṣẹ́ lámèyítọ́: kí á mú ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ́ wa lẹ́nu, kí á tú u wò, kí á mọ ẹni tí ń sọ ọ́, ẹni tí a ń sọ ọ́ sí, àti ohun tí ó fi pamọ́.

2.0 Ìhun gbólóhùn náà

Ìdájọ́ àkópọ̀ ni a pe kíkó ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìwà wọn yàtọ̀ sínú àpò kan, kí á sì fún àpò náà ní orúkọ kan ṣoṣo. Àwòmọ́ mẹ́ta ni a rí nínú "èwe ìwòyí" tí ó fi jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ "ìwòyí" fúnra rẹ̀. A máa ń sọ pé "ìwòyí àná" tàbí "ìwòyí ọ̀la". Ọ̀rọ̀ náà kò ní ibùjókòó kan. Ibi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá dúró sí ni ó ń bá a lọ. Èyí ni pé kò sí ìran kan tí kò jẹ́ èwe ìwòyí rí. Èkejì ni pé "wọn" ni a máa ń lò fún èwe nínú ọ̀rọ̀ náà, a kì í sábà lo "ẹ". A ń sọ nípa wọn, a kì í bá wọn sọ ọ́, nítorí náà kò sí àyè ìfèsì. Ẹ̀kẹta ni pé gbólóhùn náà ní ìkejì tí a kì í pè jáde ní gbogbo ìgbà, èyí ni "nígbà tiwa". Bí a bá ní èwe ìwòyí kò níwà, ohun tí a ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni pé àwa níwà nígbà tiwa. Ìyìn ara ẹni ni ó wọ aṣọ ìdárò.

Àwọn kan yóò ní òwe wa ti ìdájọ́ yìí lẹ́yìn. Wọn yóò pa á pé ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí òkè, kò lè rí i. Òtítọ́ ni pé òwe náà wà. Ṣùgbọ́n a tún ní òwe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. A sì ní pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ méjì ni òwe Yorùbá fi ń gbé ọ̀rọ̀ èwe àti àgbà. Ọwọ́ kan ni olùdárò ń lò.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo òwe tí a máa ń sọ lu èwe jù lọ: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí a bá pa á tán, ọmọ ni gbogbo ojú máa ń wò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú gírámà wò ó, ta ni olùwà nínú "tí a kò kọ́"? "A" ni. Àgbà tí kò kọ́ ọmọ ni òwe náà kọ́kọ́ dá lẹ́bi kí ó tó kan ọmọ tí ó ta ilé. Ẹ̀bi méjì ni ó wà nínú òwe náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni a ti sọ ọ́ dà.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í parí sí ààfin ọba tàbí ìdí ayò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ní ìpàdé àwọn oníṣòwò orílẹ̀-èdè Commonwealth tí ó wáyé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Ààrẹ ìgbà náà, olóògbé Muhammadu Buhari, sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, pé wọ́n gbà pé níwọ̀n bí orílẹ̀-èdè wọn ti ní epo rọ̀bì, ó yẹ kí wọ́n jókòó láìṣe nǹkan kan, kí wọ́n sì rí ilé, ìwòsàn àti ẹ̀kọ́ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò lo ọ̀rọ̀ náà "ọ̀lẹ", ṣùgbọ́n "ọ̀lẹ" ni àwọn ọ̀dọ́ gbọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kún fún ìfèsì wọn, tí oníkálùkù ń ka iṣẹ́ méjì, mẹ́ta tí ó ń ṣe kí ó tó jẹun. Ohun tí lámèyítọ́ yóò ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó wà ní ipò ìjọba ni ó ń ka àìlọ-sí-ilé-ẹ̀kọ́ sí àléébù ẹni tí kò rí ilé-ẹ̀kọ́ lọ. "A kò kọ́" ti pòórá. Ó ku "ọmọ".

3.0 Èwe àná ni àgbà òní

Ní ọdún 1974 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ó Le Kú jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni Àjàní, olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀; Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé sì wà lára àwọn ẹ̀dá ìtàn yòókù. Ìfẹ́, ẹ̀tàn, owú àti àìlè-pinnu ni ó kún inú ìwé náà. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rí pé ọmọ yunifásítì kò mọ̀ ju ìfẹ́ lọ, yóò rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé náà kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ lásán. Ó fi hàn pé ìyá Àjàní ń fẹ́ kí ọmọ òun mú ìyàwó wálé. Ìkánjú tí ó dà bí ti èwe ní ọwọ́ àgbà nínú.

Ó tó kí á ṣe ìṣirò kan. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22 ní ọdún tí ìwé náà jáde ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Àwọn ẹgbẹ́ Àjàní ni ó wà lórí àga àgbà lónìí tí wọ́n ń sọ pé èwe ìwòyí ti bàjẹ́.

Ẹ̀rí tí ó tún dùn mọ́ni ni ti aṣọ. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ìwé náà di fíìmù ní ọdún 1997, ìró kúkúrú àti bùbá alápá gbọọrọ tí àwọn obìnrin wọ̀ nínú rẹ̀, tí í ṣe oge àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà lọ́hùn-ún, tún gbòde. Àwọn aránṣọ sọ ọ́ ní "oleku". Lónìí, bí ọmọbìnrin bá wọ oleku lọ sí òde ìgbéyàwó, àwọn àgbà yóò ní ó múra bí ọmọ Yorùbá. Oge èwe àná ti di àṣà àgbà òní. Bí a bá rántí èyí, a ó máa rọra fi ẹnu ba aṣọ èwe.

Ìdànrè ní ẹ̀rí tirẹ̀ tí ó ju aṣọ lọ. Orí òkè ni àwọn ará ìlú yìí tẹ̀dó sí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ìlú wà lónìí. Ààfin Ọwá àtijọ́, ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti àwọn ojúbọ ṣì wà lókè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, wọ́n fi Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí a lè yàn gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé lọ́dọ̀ àjọ UNESCO. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé, ní ìlú tí gbogbo àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn tí ó fi ibùgbé baba wọn sílẹ̀ nítorí pé ayé yí padà, kò yẹ kí ó yani lẹ́nu pé àwọn ọmọ náà tún ń yẹsẹ̀ sí ibi tí ayé bá yí sí. Àwọn tí ó sọ̀ kalẹ̀ kò kọ orírun wọn. Títí di òní, wọ́n ń gun òkè lọ ṣe ọdún. Yíyí padà àti pípa orírun mọ́ lè jọ gbé inú ènìyàn kan náà.

4.0 "Wọn kò fẹ́ ṣiṣẹ́ oko"

Ẹ̀sùn tí a máa ń gbọ́ jù ní Ìdànrè ni pé èwe ìwòyí kórìíra oko. Kòkó ni ó sọ ìlú yìí di olókìkí, ó sì wà lára àwọn ibi tí kòkó ti ń jáde jù lọ ní Nàìjíríà. Àwọn àgbà rí i pé kòkó ni ó kọ́ ilé wọn, òun ni ó sì rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó ń dùn wọ́n pé ọmọ ń gun ọ̀kadà nígbà tí oko wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ni oko tí ó wà nílẹ̀ náà? Igi kòkó kò ní so kí ó tó pé ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tí a gbìn ín, ó sì lè wà lórí ilẹ̀ ju ọjọ́ ayé ẹni tí ó gbìn ín lọ. Nítorí èyí ni àṣà ilẹ̀ Yorùbá kò fi sábà gba ẹni tí a yá ní ilẹ̀ láyè láti gbin igi owó sórí rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó gbin igi lè wá di onílẹ̀. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni ó lè gbìn. Ọ̀dọ́ tí baba rẹ̀ ṣì wà láyé, tàbí tí ìdílé rẹ̀ kò tíì pín ogún, alágbàṣe ni lórí ilẹ̀ ìdílé ara rẹ̀. Òun ni yóò ká kòkó, òun ni yóò là á, tí yóò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí yóò sì sá a sóòrùn. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ni a ó fi tà á.

Ọjà pàápàá ti yí padà. Ìgbà tí àwọn àgbà ń rántí ni ìgbà tí ìgbìmọ̀ ìjọba tí ó ń mójú tó kòkó ń fi iye owó lélẹ̀ ṣáájú ìkórè. Ìjọba tú ìgbìmọ̀ náà ká ní ọdún 1986. Láti ìgbà náà, oníkòkó ń bá ọjà àgbáyé lọ sókè sódò. Ní ọdún 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí yóò fi di ìparí ọdún 2025, ó ti já wálẹ̀ jìnnà. Ẹni tí ó ní igi jẹ èrè ọdún náà. Ẹni tí kò ní ju apá rẹ̀ lọ jẹ owó agbàṣe. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá yan ọ̀kadà, tí ó ń mú owó wálé ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, kì í ṣe iṣẹ́ ni ó sá fún. Iṣẹ́ tí kò lè di tirẹ̀ ni ó fi sílẹ̀.

5.0 "Wọn kò gbọ́ èdè, wọn kò mọ àṣà"

Ẹ̀sùn yìí kan àwa olùkọ́ Yorùbá gan-an. A ń sọ pé èwe ìwòyí kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ni ó ṣe òfin pé kí ọmọ tí ó bá sọ èdè abínibí ní ilé-ẹ̀kọ́ san owó ìtanràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kan náà pa ìlànà náà rẹ́. Kò sí ọmọdé kankan nínú yàrá tí wọ́n ti ṣe ìpinnu méjèèjì.

Ní Ìdànrè, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìpele mìíràn. Ẹ̀ka-èdè Ìdànrè ni ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu ìyá àti ìyá-ìyá rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́ ní kíláàsì Yorùbá, a ó ní àṣìsọ ni. Bí ó bá kọ ọ́ sínú àròkọ, a ó fi bírò pupa fà á. Lẹ́yìn náà ni a ó wá sọ fún òbí rẹ̀ pé kò gbọ́ Yorùbá. Yorùbá ni ó ń sọ. Àjùmọ̀lò ni kò tíì mọ̀ dáadáa, iṣẹ́ wa sì ni láti kọ́ ọ ní èkejì láìgba àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a bá sì yọjú síta kíláàsì, a ó rí i pé èwe tí a ní kò gbọ́ èdè ni ó ń fi èdè náà dá bírà. Nígbà tí 9ice gbé Gongo Aso jáde ní ọdún 2008, òwe àti ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ó fi hun orin náà, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kọ ọ́ káàkiri. Dagrin àti Olamide tẹ̀ lé e ní ọ̀nà tiwọn. A lè ní ohun tí a ó wí sí ìwà tí àwọn kan nínú irú orin bẹ́ẹ̀ ń gbé lárugẹ, iṣẹ́ lámèyítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé wọn kò gbọ́ èdè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 pẹ̀lú, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde tako ìwà ìkà ọlọ́pàá SARS, gbólóhùn Yorùbá kan wà lára ohun tí ó di àmì ẹgbẹ́ wọn jákèjádò orílẹ̀-èdè: "Sọ̀rọ̀ sókè." Àwọn kan rí àfojúdi nínú rẹ̀. Àwa rí ìfèsì sí "wọn" tí a mẹ́nu bà ní ìpín kejì: ẹni tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó yíjú padà, tí ó ní kí á sọ ọ́ sí òun létí.

6.0 "Owó kíákíá ni wọ́n ń wá"

Ẹ̀sùn kẹta yìí ni ó ní ẹ̀rí jù, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀tàn rọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi ẹ̀rọ ayélujára lu jìbìtì. Àwọn mìíràn ń wá oògùn owó lọ sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ti ń ta sílẹ̀. Ìwà ọ̀daràn ni, orúkọ yẹn náà ni ó sì yẹ kí á pè é.

Ṣùgbọ́n ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, Atótó Arére, tí ó jáde ní ọdún 1981, ti fi ọ̀nà tí a lè gbà wò ó hàn wá. Àlàbá, olú ẹ̀dá ìtàn náà, di ọ̀daràn. Òkédìjí kò fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ó mú wa gba inú ilé tí ó túká kọjá, kí á tó dé ibi ìwà ọ̀daràn. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà tán lè dá Àlàbá lẹ́bi. Kò lè dá Àlàbá nìkan lẹ́bi. Èyí ni ìyàtọ̀ láàárín ìtàn àti ìdájọ́ àkópọ̀: ìtàn a máa béèrè bí ó ti ṣe di bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á béèrè bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀dọ́ òní. Ẹni tí ó wọ yunifásítì ìjọba ní ọdún 2018 fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin bá ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ pàdé láti oṣù kẹta sí oṣù kejìlá ọdún 2020, ó sì tún bá òmíràn pàdé láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá ọdún 2022. Àwọn olùkọ́ ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń jà fún, a kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nǹkan bí oṣù mẹ́tàdínlógún ìgbà èwe ni ó bá ìjà náà lọ, kò sì sí ẹni tí ó dá a padà. Ọmọ yìí kan náà ń rí i lójoojúmọ́ pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni a ń fi jókòó ní iwájú agbo, òun ni a sì ń fi oyè dá lọ́lá. Owó kíákíá kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí èwe dá kọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ jù lọ kò tilẹ̀ bá a lọ sí ibẹ̀. Àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tí ó ń ṣe irun, tí ó ń tún fóònù ṣe, tí ó ń la kòkó kí wọ́n tó wá sí kíláàsì, kì í sí nínú ìdárò wa. Ìdájọ́ àkópọ̀ a máa mú ọ̀daràn kan, a sì fi ojú rẹ̀ wo ẹgbẹ̀rún aláìṣẹ̀.

7.0 Ohun tí ó kan olùkọ́

Àgbà tí ó wà nídìí ayò lè sọ pé èwe ìwòyí ti bàjẹ́, kí ó sì máa ta ayò rẹ̀ lọ. Ti olùkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu olùkọ́ ní agbára: bí ó bá pe ọmọ ní ọ̀lẹ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, orúkọ náà lè mọ́ ọn lára. A gba àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nímọ̀ràn mẹ́ta. Kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó dájọ́: "Kí ni ó dé?" kò gùn ju "Ẹ wo èwe ìwòyí" lọ. Kí wọ́n máa kọ́ òwe pẹ̀lú ìkejì rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé àṣà wa kò dá sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ àròkọ nípa ìgbé ayé ara wọn, kí á lè gbọ́ ohùn ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwa tí a ń ṣe àbẹ̀wò sí wọn pẹ̀lú, ó yẹ kí á mọ ohun tí a ń fún ní máàkì.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé "èwe ìwòyí" jẹ́ ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tí ìran kọ̀ọ̀kan ń jogún, pé òwe àti ìwé ìtàn àròsọ wa jinlẹ̀ jù ú lọ, àti pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀, èdè àti ẹ̀kọ́ ní Ìdànrè ní ọwọ́ àgbà nínú gẹ́gẹ́ bí ó ti ní ti èwe. Àwọn Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí a bá wo ẹ̀yìn dáadáa, a ó rí i pé lára òkúta tí èwe fi ẹsẹ̀ kọ, àwa ni a gbé òmíràn síbẹ̀.

Ọmọ tí ó sùn ní kíláàsì ní ọjọ́ tí mo wí yẹn kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n má bínú. Èmi ni ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́.